Fídíò Màmá Àrìnpé àti Sọ́fúwíà Tó Ju Ọwọ́ Ọládélé Lọ

Ẹ fara balẹ̀, ẹ ka ìtàn yìí tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ síbòmíì. Ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ ọ́. Àmọ́ ojoojúmọ́ ni mò ń rí ẹlòmíì tó ń lọ sínú kòtò kan náà, ẹnu mi ò sì lè dákẹ́.

1.
Olùkọ́ yunifásítì ni Ọládélé. Iyaro ní Benin ló ń gbé pẹ̀lú Adébùkọ́lá ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ wọn méjì. Àwọn ọmọ yẹn gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Pidgin ni wọ́n fi ń dáhùn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, ó lọ mú ìyá rẹ̀, Màmá Àrìnpé, wá láti Ìlá. Ìgbàgbé ti ń wọ ọ̀rọ̀ màmá, dókítà sì ti ní ṣe ni yóò máa pọ̀ sí i.

Bẹ́ẹ̀, ẹnu màmá nìkan ni oríkì ìdílé wọn kù sí. Ọládélé ra kámẹ́rà, ó gbé màmá jókòó sí pálọ̀, ó ní kó ki gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, káwọn ọmọ lè rí i gbọ́ lọ́jọ́ iwájú. Ọjọ́ mẹ́ta ni màmá fi kì wọ́n. Nígbà tó kan Jíbọ́lá, àkọ́bí, ọmọ tí kì í sunkún yẹn bú sẹ́kún, kò sì mọ ohun tó ń pa òun lẹ́kún.

Màmá ní kí Ọládélé kọ́ ọ sórí pẹ̀lú. Ó ní, "Àkànní, ẹ̀rọ kì í ṣe ẹnu o." Àkànní ló máa ń pè é. Ọládélé rẹ́rìn-ín, ó ní kí màmá má ṣèyọnu, ó ti wà nínú kámẹ́rà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó dá màmá padà sí Ìlá.

2.
Ó wá ku kí wọ́n gé fídíò náà, kí wọ́n tò ó, kí wọ́n sì kọ orúkọ sí i. Sọ́fúwíà kékeré kan tí wọ́n fi ń gé fídíò wà nínú kọ̀ǹpútà wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Adébùkọ́lá jókòó sídìí rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó mú bíńtín níbẹ̀rẹ̀ fídíò náà fi dán an wò, ó kọ "Màmá Wa" sí i, ó sì ti parí rẹ̀ kí ẹ̀wà tó jinná. Ó pe ọkọ rẹ̀ wá wò ó.

Ọládélé ní eré ọmọdé nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn ún. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá tó kọjá, Bámidélé tó ń ta táyà gbé fídíò ìdílé rẹ̀ wá, orúkọ rẹ̀ ń jó bí iná lórí fídíò náà lójú gbogbo èèyàn. Kí oníṣòwò táyà ta òun Dókítà yunifásítì yọ? Ọládélé lọ sí Sapele Road, ó ra sọ́fúwíà táwọn onífíìmù ń lò. Ìwé ìlò rẹ̀ nípọn, kò ṣí i.

Adébùkọ́lá bẹ̀ ẹ́. "Bàbá Jíbọ́lá, ẹ jẹ́ ká fi èyí tó rọrùn ṣe é tán ná. Tó bá ti wà nílẹ̀, ẹ lè wá fi ti ńlá dárà."

"Èmi ni wàá ní kí n máa lo nǹkan ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ṣé ẹ gbọ́ èsì?

3.
Oṣù mẹ́ta ló fi jìjàkadì. Kọ̀ǹpútà ń mí hẹlẹ bí àgbàlagbà tó gun òkè Ikpoba Hill. Orúkọ tó ń jó bí iná nìkan gbà á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láàárín ìgbà náà, torí fídíò ti wà nínú kọ̀ǹpútà, ó ti pa inú kámẹ́rà rẹ́ kó lè fi ya ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ìpàdé ẹgbẹ́ ní oṣù kejìlá, ó tẹ ibi tí wọ́n ti ń fi iṣẹ́ pamọ́. Ó wo bí ohun tó fi pamọ́ ṣe tóbi tó: kò ju lẹ́tà ojú ewé kan lọ. Ó yangàn pé sọ́fúwíà gidi ló ń ká fídíò ọjọ́ mẹ́ta kéré báyìí. Adébùkọ́lá ní kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó látòkè délẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní kò sáyè. Kọ̀ǹpútà sì ti kún, ló bá pa gbogbo fídíò tí wọ́n yà rẹ́, ó da iṣẹ́ yunifásítì rẹ̀ sí àyè wọn. Ó ní, a kì í jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tán ká tún tọ́jú èèpo.

4.
Nínú gbọ̀ngàn ìpàdé, orúkọ Ọládélé jó bí iná. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ojú ìran dúdú, kò sì mọ́lẹ̀ mọ́.

Bámidélé ló wá bá a wò ó. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Dókítà, ètò bí ẹ ṣe tò ó nìkan lẹ fi pamọ́ yìí, bí ìwé tí èèyàn kọ ohun tó fẹ́ rà sí. Ọjà fúnra rẹ̀, fídíò tí ẹ yà, ńkọ́?"

"Mo ti pa á rẹ́."

Ọládélé bi í léèrè sọ́fúwíà wo ló fi ṣe tirẹ̀. Bámidélé ní èyí tó bá kọ̀ǹpútà wá ni.

5.
Oníkọ̀ǹpútà tó mọṣẹ́ tú kọ̀ǹpútà náà, kò rí nǹkan kan yọ. Ọládélé wa mọ́tò lọ sí Ìlá ní oṣù kìíní. Màmá jókòó síwájú ilé. Ọládélé dọ̀bálẹ̀. Màmá wò ó, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Ta lẹ ń wá?"

"Màmá, èmi ni. Àkànní ni."

"Àkànní ò sí nílé. Ó wà ní Benin."

Ó bẹ màmá pé kó ki òun, bó ṣe ìlà kan péré. Màmá káàánú rẹ̀. Ó ní, "Mi ò mọ ilé yín, báwo ni mo ṣe fẹ́ kì yín?"

Ohun kan ṣoṣo tó kù ni bíńtín tí Adébùkọ́lá fi dánra wò. Nínú rẹ̀, màmá ń tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó gbójú sókè, ó ní, "Àkànní, ṣé kí n bẹ̀rẹ̀?" Ó tán síbẹ̀. Àwọn ọmọ a máa wò ó, Ọládélé a sì dìde kúrò ní pálọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí ẹ ò bá tíì gé fídíò rí, èyí tó rọrùn ni kí ẹ mú. Ẹ má pa èyí tí ẹ yà rẹ́ títí ẹ ó fi wo èyí tí ẹ ṣe tán dé ìparí. Ẹ má sì torí àtita ọ̀rẹ́ yín yọ sọ ohun tí kò ṣeé rà lọ́jà nù. Àwọn àgbà kò purọ́: ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ.