Ó Rọ́ Lásán Ni

Ìdajì eré ti parí. Òmì ni, oókan sí oókan.

Balógun ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù iléeṣẹ́ ọṣẹ wa ń tiro bọ̀ wá sọ́dọ̀ èmi tí mò ń tọ́jú ẹsẹ̀ wọn.

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí mi. Ọrùn ẹsẹ̀ náà ti wú.

"Bàbá, ẹ bá mi dì í. Mo gbọ́dọ̀ padà wọlé."

Mo tẹ eegun náà. Ó mì lábẹ́ àtàǹpàkò mi.

"Ṣé kò fọ́?"

"Ó rọ́ lásán ni. Àbí o kì í ṣe ọkùnrin ni?"

Mo fa téèpù gba àtẹ́lẹsẹ̀, mo fi yí gìgísẹ̀ po, mo dì í dan-in-dan-in.

Ó dìde, ó fò lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìrora ti lọ! Ọwọ́ yín ju ti dókítà lọ!"

Ẹnì kan pariwo pé, "Bàbá, ẹ wá fi di ẹnu ìyàwó mi náà!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín. Téèpù kì í to eegun.

Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí gbogbo pápá fi gbọ́ igbe rẹ̀.

Wọ́n gbé e padà wá bá mi.

"Bàbá, ẹ ní kò fọ́!"

Mo gbẹ́nu sún mọ́ etí rẹ̀.

"Lọ́dún tó kọjá, lórí bẹ́ǹṣì yìí, ìwọ lo tẹ ẹsẹ̀ ọmọ mi. Ìwọ lo ní, 'Ó rọ́ lásán ni. Àbí o kì í ṣe ọkùnrin ni?' Ìwọ lo ní kí n dì í. Ẹ̀jẹ̀ dì sínú ẹsẹ̀ náà, ó gòkè lọ dí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo sin ín."

Ó ń wò mí.

"Téèpù tó ṣẹ́kù lára ti ọmọ mi ni mo fi di tìẹ."