Ọkọ Rẹ̀ Ò Lè Lúwẹ̀ẹ́

Omi pa rọ́rọ́ láàárín òkè méjì. Ìyàwó ló di okùn aṣọ ìgbòkun ọkọ̀ wọn mú.

Ọkọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ etí ọkọ̀ bí eégbọn.

"Ṣebí o mọ̀ pé mi ò lè lúwẹ̀ẹ́. Jọ̀ọ́, jẹ́ ká padà."

"Fọkàn balẹ̀, olówó orí mi. Afẹ́fẹ́ la wá gbà."

Ó fa okùn náà le, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi gbogbo ara tẹ ẹ̀gbẹ́ kan. Ọkọ̀ dojú dé.

Ìyàwó rọ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀. Ó ń pe ọkọ rẹ̀.

Ọkùnrin náà ti ń la omi lọ bí ẹja. Kò tiẹ̀ wẹ̀yìn.

Ìyàwó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Létí omi, ẹ̀gbọ́n ìyàwó ti fi fóònù ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

"Káàbọ̀, àna mi. Lọ́jọ́ tí ọmọ yín rì níbí lójú ẹ, kí lo ní o ò lè ṣe?"