Ìdí Tó Ń Dun Ìyá Gbádé

Láti ìgbà tí ìdí ti ń dun Ìyá Gbádé ni ọmọ rẹ̀ kò ti lè lọ sí Kánádà. Gbogbo ojúlé àdúgbò wọn ní Sùúrùlérè ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìjọ ti gbàdúrà ìdágbére fún Gbádé, ó ti kọ̀wé fi iṣẹ́ rẹ̀ ní Yábàá sílẹ̀, àpótí méjì sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀. Ẹni tó bá bi í pé ṣé kò tíì lọ ni, èsì kan náà ló máa ń fún un: òun kò lè fi ìyá òun sílẹ̀ nínú ìrora lọ sókè òkun. Àwọn àgbà a mi orí, wọ́n a ní obìnrin náà bímọ ire.

Ìrora náà kì í ṣe kékeré. Apá ọ̀tún ìdí ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń ta dé orúnkún, kò sì jẹ́ kí ó lè fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn. Wọ́n fi róòbù pa á, wọ́n fi tówẹ́ẹ̀lì inú omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Baba kan tó ń to eegun ní Mùṣín fọwọ́ rà á títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Oògùn tí wọ́n rà ní kẹ́míìsì mú un sùn, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ikùn rẹ̀ jẹ́. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ rẹ̀ ní Tẹ̀júoṣó wà ní títì. Ìrètí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pin kí Dókítà Lateefah, tó ń tọ́jú eegun ní ọsibítù aládàáni kan, tó gún un lábẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìdí, tí ó sì kọ́ ọ bí yóò ṣe máa na ẹsẹ̀ lórí ẹní láràárọ̀.

Nígbà tó yá, Ìyá Gbádé sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ó jọ pé ìrora náà ti ń lọ. Gbádé wolẹ̀. Ó ní ẹnu ayé lẹbọ, kí wọ́n má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀ ní òótọ́ ni. Lọ́jọ́ kejì, ìrora náà padà, ó sì le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀ tí ó ti gbé jù sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù tún jáde. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó tiro lọ síwájú, gbogbo ènìyàn sì ń káàánú òun àti ọmọ.

Oṣù ń gorí oṣù, Gbádé ń rù. Kò fẹ́ rí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́. Tí fóònù bá dún, ẹ̀yìn ilé ló máa ń lọ gbé e. Ìgbà mìíràn wà tí ìyá rẹ̀ ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti ilé ìwẹ̀, ọkàn rẹ̀ a sì gbọgbẹ́. Níkẹyìn, Gbádé mú un padà lọ bá Dókítà Lateefah, ó béèrè pé ọ̀nà wo ló tún kù.

Dókítà ní ó ku iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n yọ oríkèé ìdí, kí wọ́n fi ti irin rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí oríkèé rẹ̀ bá ti bàjẹ́ tán ni wọ́n ń ṣe é fún, kí ó sì tó rìn dáadáa lè tó ọdún kan.

"Ọdún kan ò pọ̀ jù, Dókítà," ni Gbádé wí. "Màá dúró tì wọ́n."

Dókítà ní kí ó jáde díẹ̀, kí òun yẹ màmá wò. Ó yí ẹsẹ̀ náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó tún wo fọ́tò eegun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà. Lẹ́yìn náà ó jókòó. Ó ní oríkèé kò bàjẹ́ rárá, abẹ́rẹ́ ti pa wíwú tó wà nínú rẹ̀, òun sì rí i pé ẹsẹ̀ òsì ni màmá fi tiro wọlé lónìí. Òun máa pe Gbádé wọlé, òun á sọ fún un pé ara ìyá rẹ̀ ti yá, kí ó máa lọ.

Kíá ni Ìyá Gbádé sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ fún ọmọ tí òun lè bí. Kò di nǹkan kan mú.  Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má sọ ọ́, kí ó ní iṣẹ́ abẹ ló kù. Tí ó bá sì di dandan, kí wọ́n la òun.

Inú bí Dókítà. "Màmá, ẹ dìde. Ọmọ yín ń gbẹ lójú yín, ẹ sì fẹ́ dè é mọ́lẹ̀ torí pé ẹ ò fẹ́ dá gbé. Ẹ jẹ́ kó lọ."

Ó kọjú sí ilẹ̀kùn.

Ìyá Gbádé di aṣọ Dókítà mú, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí ẹni tó wà níta má baà gbọ́: "Wọn ò fún un ní fisà, Dókítà, kò sì mọ̀ pé mo gbọ́, ìdí mi yìí nìkan ni ìdí tó rí sọ fún ayé."