Ọ̀kẹ́rẹ́ Afínjú Gbá Jànkáriwọ̀ Oko Tòmátì

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà sínú ilé ọ̀rá, ilé tí wọ́n fi ọ̀rá bò, tí Ọ̀kẹ́rẹ́ afínjú ń gbin tòmátì sí.

Alántakùn ló ń gbé òkè ilé náà. Kòkòrò tó bá wá fa omi ewé tòmátì mu ló fi ń ṣe oúnjẹ, tòmátì sì ń so wọ̀ǹtìwọnti.

Àwọn àna Ọ̀kẹ́rẹ́ ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá wo oko. Ọ̀kẹ́rẹ́ wòkè, ó rí jànkáriwọ̀, ojú tì í. Ó so ìgbálẹ̀ mọ́ ọ̀pá.

Alántakùn ní, “Baálé, bí ẹ bá gbá mi dànù, ta ni yóò máa mú kòkòrò?”

“Kòkòrò kéré, àna mi ò ní rí i. Ìwọ ọ̀bùn yìí ni wọ́n máa rí.” Ó gbá a síta.

Kí ọjọ́ àna tó pé, kòkòrò ti fa ewé gbẹ. Ọ̀kẹ́rẹ́ sáré lọ sí oko Òkété aládùúgbò rẹ̀, níbi tí Alántakùn kó lọ, ó bẹ̀ ẹ́ kó padà. Alántakùn ń ta òwú rẹ̀ lọ, ó ń kọrin, ará oko ń gbè é:

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní n máa bọ̀ o,
Ọ̀bùn ni mí.
Ilé rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ,
Ọ̀bùn ni mí.
Àna rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà o,
Ọ̀bùn ni mí.

Àna dé. Ìyá ìyàwó wòkè, ó wo igi tòmátì gbígbẹ. Ó ní, “Àna wa, ilé yín mọ́ lóòótọ́. Àwọn tó jẹun níbẹ̀ ò ṣẹ́ nǹkan kan kù.”

Bí ẹ bá ní irọ́ ni mo pa, ẹ lọ wo ilé ọ̀rá náà: ó ṣì mọ́ tónítóní di òní.