Oògùn Tí Yéjídé Kán Sójú Méjèèjì

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá tí ọwọ́ yín kì í dilẹ̀, ẹ dákun, ẹ má já ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì kà á sétí ẹni tí kò mọ̀wé.

1.
Ní ọdún kejì tí Dàhòmè gba òmìnira, obìnrin kan wà ní Idigny, ìlú kan nítòsí Kétu, tó ń jẹ́ Yéjídé. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó sì fi ìbejì obìnrin sílẹ̀ fún un, Léontine àti Félicité, ọmọ ọdún méje. Yéjídé nìkan ló ń roko, òun ló ń pọnmi, òun ló ń ṣẹ́gi, òun náà ló ń múra iléèwé fún àwọn ọmọ. Tí àwọn ọmọ bá ti sùn, kò sí ẹni tí yóò bi í pé, "Ṣé ara le?" Ó ti mọ́ ọn lára débi pé òun gan-an kì í bi ara rẹ̀ mọ́.

Ìyá ìbejì tòótọ́ ni. Ohun tó bá rà fún Léontine, ó gbọ́dọ̀ ra irú rẹ̀ fún Félicité. Bí ọ̀kan bá ń wúkọ́, àwọn méjèèjì ni yóò mu àgbo. Ta ló fẹ́ kí ìbejì jowú ara wọn? Lọ́dún tó ṣáájú, ojú Félicité pọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kí oòrùn tó mú, Yéjídé ti gbé e wọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí ilé ìwòsàn ní Kétu. Ẹ fi èyí sọ́kàn o: obìnrin yìí mọ ọ̀nà ilé dókítà.

2.
Ìgbà ìkórè àgbàdo dé. Yéjídé kó àgbàdo gbígbẹ sínú àpò, ó ń fi igi lù ú kí ó lè já kúrò lára ṣùkù. Bó ṣe ń lù ú, àpò ya, èérún ṣùkù ta sí i lójú ọ̀tún. Àsíátù, àgbàlagbà aládùúgbò rẹ̀, fi ṣónṣó ahọ́n lá a jáde bí wọ́n ti máa ń ṣe. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ojú náà pọ́n, ó ń ṣomi, kò sì fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, lọ sí Kétu o," ni Àsíátù wí. "Ojú lọba ara."

"Ẹ wo àgbàdo nílẹ̀, Màmá. Bí òjò bá bá a níta ńkọ́? Ta ni yóò se oúnjẹ àwọn ọmọ?"

"Wọ́n á wà lọ́dọ̀ mi."

"Ẹ má ṣèyọnu. Tí mo bá kó èyí tán, màá lọ."

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbàdo nìkan. Láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti ń fẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ̀ pé òun kò nílò ẹnikẹ́ni. Bí ojú bá ń ro ó, ńṣe ló ń kọ ẹ̀yìn sáwọn ọmọ.

3.
Lọ́jọ́ karùn-ún, ojú náà wú. Yéjídé rántí oògùn tó fi wo egbò etí ewúrẹ́ rẹ̀: tábà tí a rẹ pọ̀ mọ́ káún sínú omi. Gbogbo ìdin tó wà níbẹ̀ ló pa. "Ohun tó pa ìdin á pa ìrora," ló sọ fún ara rẹ̀, ó sì rẹ ẹ́ sínú igbá. Kò sí àgbàlagbà kankan nílé tí ì bá gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó kán an sójú ọ̀tún. Ó pariwo. Bó ṣe fẹ́ gbé igbá sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé ìbejì ni ojú méjèèjì. Wọ́n jọ wáyé, wọ́n jọ ń wò, wọ́n jọ ń sùn. Tí ọ̀kan bá gba oògùn, tí èkejì kò gbà, ṣé kò ní bínú, kó sì gba àìsàn náà? Yéjídé gbé orí sẹ́yìn, ó kán ìyókù sójú òsì, ojú tí nǹkan kan kò ṣe!

Háà! Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ń kọ ọ́ lọ́wọ́, inú mi ń bàjẹ́. Omi wà nínú ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ì bá tètè fi ṣan ojú náà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní oògùn tó bá ta ló ń ṣiṣẹ́, ló bá dijú, ó jókòó, ó ń fara dà á.

4.
Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà ni Àsíátù fà á lọ́wọ́ dé Kétu. Ẹyinjú méjèèjì ti funfun bí omi ògì. Jean-Baptiste, dókítà tó tọ́jú Félicité lọ́dún tó kọjá, yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó gbọ́ ohun tó kán sí i, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, ṣebí ẹ mọ ibí. Kí ló dé tí ẹ ò tètè wá?"

"Iṣẹ́ ni, Dókítà."

"Ká ní ẹ tètè wá ni, bóyá à bá rí ti ọ̀tún gbà là. Ti òsì yìí, kò ṣàìsàn rárá. Oògùn yín ló fọ́ ọ."

Yéjídé ò sunkún. Ó ní, "Ta ni yóò máa tọ́jú àwọn ọmọ mi?"

Barnabé, àbúrò ọkọ rẹ̀, wá láti Àjàṣẹ́, olú ìlú Dàhòmè, ó kó àwọn ọmọ lọ. Kì í ṣe pé ó rorò. Ó rí i pé ìyá wọn ò lè ṣe é mọ́.

5.
Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, iléèwé gba ìsinmi, àwọn ọmọ wá kí ìyá wọn ní Idigny. Wọ́n dúró síwájú rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, báwo lẹ ṣe rí báyìí?"

Wọ́n wo ara wọn. Ta ló mọ bí òun ṣe rí tó fi máa ròyìn rẹ̀ fún ìyá rẹ̀?

"Ìyá, a ti ga," ni Léontine wí.

"Ẹ ga dé ibo?"

Yéjídé na ọwọ́ sí ibi tí orí ọmọ ọdún méje máa ń wà. Àyà Félicité lọwọ́ rẹ̀ bà. Félicité rọra di ọwọ́ náà mú, ó gbé e sókè, ó tún gbé e sókè sí i, títí ó fi dé orí òun. Ìgbà yẹn ni Yéjídé tó bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, bí nǹkan bá ta sí yín lójú, tí ojú pọ́n, tó ń dùn yín, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má kán ohunkóhun tí ẹ rí nílé sí i, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ahọ́n lá a. Bí ẹ ṣe ń gbé ọmọ yín sáré, ẹ gbé ara yín náà sáré. Bí òjò ba àgbàdo ọdún yìí jẹ́, a ó tún gbin òmíràn lámọ́dún, ṣùgbọ́n ojú kì í hù.

Gbogbo àgbà péjọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.