Súbúwúfà MaDlomo

MaDlomo jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù Sivuyile, ní Mdantsane. Ojú rẹ̀ gbẹ.

Sivuyile ń de súbúwúfà, gbohùngbohùn ńlá kan, mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀.

"Màmá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bá àwọn ọmọ onítakisí jà torí ariwo! Ẹ jẹ́ n kúkú pààrọ̀ rédíò yìí náà."

"Má fọwọ́ kàn án. Àwo orin kan há sínú ẹ̀. Ṣé ohùn ìsàlẹ̀ á jáde?"

"Á mi àdúgbò tìtì!"

Sivuyile tan rédíò. Ẹgbẹ́ akọrin ìjọ bẹ̀rẹ̀ orin. Ohùn àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ ròkè.

Lẹ́yìn náà, ohùn ọkùnrin kan rọra rú jáde lábẹ́ tiwọn, ìjókòó sì ń gbọ̀n.

"Ṣé kí n fi kún un, Màmá?"

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi nìyẹn. Látìgbà tá a ti sin ín, àwọn yòókù nìkan ni mò ń gbọ́ nínú àwo yìí."