Ahọ́n Ìyàwó Prásìt

"Ìyàwó mi, yanu!" Prásìt ti bu ọbẹ̀ tọ́m yám sínú ṣíbí, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i.

Ẹ̀rín fẹ́ pa ìyàwó. Láàárọ̀ yìí, níbi tó ti ń fi ọ̀bẹ la ọ́ísítà kúrò nínú ìkarahun létí òkun Ang Sila, ọsàn wẹ́wẹ́ tó fún sórí ọ̀kan tó jẹ ta á lẹ́nu. Ahọ́n rẹ̀ tó ti kú ṣáájú ìgbéyàwó, tí kì í mọ adùn mọ́, ti jí! Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò sọ: èròjà síńkì ló dín lára rẹ̀, ó sì kún inú ọ́ísítà fọ́fọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń la ọ́ísítà kì í jẹ ẹ́, ti ọlọ́jà ni. Oṣù kan rèé tí òun ti ń jẹ ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Kò tíì sọ fún ẹnì kankan. Ìdí ọbẹ̀ ọkọ rẹ̀ ló fẹ́ ti pariwo ayọ̀, ọbẹ̀ tí ìyá ọkọ máa ń lá àwo rẹ̀ mọ́ fónífóní.

Ó gbé e mì. Omi lé sí i lójú. Ọbẹ̀ náà níyọ̀ bí òkun, ó korò bí ewúro, ó tún ń dùn bí ìrèké!

"Báwo ni? Ṣé ó ti padà?"

Ó wo ojú ọkọ rẹ̀ tó ń tàn yòò bí òṣùpá.

"Rárá o, olówó orí mi, kò tíì padà. Ṣùgbọ́n bù sí i fún mi."

Prásìt ń jó lọ sídìí ìkòkò. Ìyá ọkọ tó jókòó tì wọ́n sún mọ́ ìyàwó, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún un níhà.

"Tèmi náà kò tíì padà," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ dáná."